Ààyè Tí Màmá Ìkirè Fi Sílẹ̀

"Dádì, ẹ wá gbé ọmọ yín kúrò lórí mi o! Ó tún ti gbá mi nípàá!"

Ariwo Àyànfẹ́olúwa ló jí gbogbo wa lówùúrọ̀ Sátidé yẹn. Mo ní gbogbo wa, nítorí ilé wọn àti ilé tèmi fara kanra ní Màgbòrò. Ọdún 2007 ni, ilé tuntun ni méjèèjì, kò sì tíì sí gíláàsì lójú fèrèsé ẹnikẹ́ni. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nìkan ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sín lọ́dọ̀ wọn, èmi ni mo máa ń sọ pé "pẹ̀lẹ́" láti orí ibùsùn mi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Etí mi ló gbọ́ ọ. Èyí tí etí mi ò gbọ́, Àyànfẹ́ fúnra rẹ̀ ló jókòó sọ ọ́ fún mi.

Ọmọ tó ń tàpá náà ni Olúwadárasími, àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Àyànfẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní tirẹ̀. Bàbá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbọ̀dé, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn kúrò nílé tí wọ́n háyà ní Àkútè wá sílé ara wọn ni. Ó fún Àyànfẹ́ ní yàrá kan, ó fún Dárasími náà ní ọ̀kan. Ó bi Dárasími pé àwọ̀ wo ló fẹ́, ọmọ náà ní òun fẹ́ àwọ̀ dòdò. Bàbá wá kun yàrá náà ní yẹ́lò, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sùn níbẹ̀. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, Dárasími á fa ìrọ̀rí rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á sì máa fi ẹsẹ̀ jà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní Àkútè, ìyá bàbá wọn ló máa ń bá a sùn. Màmá Ìkirè ni gbogbo wọn ń pè é. Nígbà tí ilé Màgbòrò parí, Màmá ní òun ò bá wọn lọ mọ́.

"Mo ti bá yín tọ́mọ tó," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wo òrùlé tèmi náà ní Ìkirè, kí òjò tó bá mi wò ó."

Dárasími sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ni Màmá bá ní kí bàbá wọn gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá, kó fi bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ han òun. Ẹ lè ní kí ló dé tí wọn ò lo fóònù. Màmá Ìkirè ò fẹ́ràn fóònù rárá. Ó ní ẹni tó ń sáré nítorí kírẹ́díìtì kì í kíni tán, ẹni tó bá sì kíni tí kò dúró gba èsì, ògiri ló ń kí.

Bó ṣe gba ohùn náà sílẹ̀ ló jẹ́ àrà. Á fi oríkì pe ọmọ náà pé, "Àjíkẹ́ o!" á sì dákẹ́, kí ọmọ lè dáhùn. Á ní, "Ṣé o ti jẹun?" á tún dákẹ́. Á ní, "Kí lo jẹ?" Níbí, á dákẹ́ pẹ́ díẹ̀, nítorí ó mọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Dárasími kì í dárúkọ oúnjẹ lásán, ó gbọ́dọ̀ ròyìn ẹran tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá á wá ní, "Hẹn-ẹn, o ṣeun, ọmọ mi. Ààlọ́ o!" Á sì dúró gba "Ààlọ̀" rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Wọ́n ní nígbà tí Màmá lọ tán, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò, ṣe ni Dárasími kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú rédíò.

"Mà! Ẹ káalẹ́ mà. Mo ti jẹun mà. Ìrẹsì ni mà. Ẹran méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan kéré."

Ó sì ṣe rẹ́gí! Bó ṣe ń dákẹ́ báyìí ni Màmá ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìtàn kì í dé ìdajì kí ọmọ náà tó sùn lọ.

Àfi ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù bọ̀ wá sí Màgbòrò. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá wó lu rédíò náà nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó fọ́ yángá. Ó ku kásẹ́ẹ̀tì nìkan, tí Dárasími fi sápò ara rẹ̀.

Ìdí abájọ ìpá òwúrọ̀ Sátidé nìyẹn. Bàbá wọn yọjú sí yàrá, ó wo Àyànfẹ́ tó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Má bínú. Òní ni ọ̀rọ̀ yìí máa tán. Wẹ̀, kó o lọ sí Ìbàfò. Èmi ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ parí, ìyá yín sì ti lọ sí Mówè. Gba owó yìí, kó o bá wa yan ẹ̀rọ orin kékeré kan tó ṣeé gbé kiri, tó máa wà ní yàrá àbúrò rẹ. Ìwọ lo mọ ojú nǹkan ìgbàlódé jù wá lọ. Yan èyí tó bá Dárasími mu."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Kí ni mo wí?"

"Èyí tó bá Dárasími mu, sà."

Dárasími fi ọwọ́ méjèèjì gbé kásẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó lè fi dán rédíò wò lọ́jà. Ó ti fi ọ̀rá dì í. "Àǹtí Àyànfẹ́, ẹ tọ́jú Màmá o. Ẹ má jẹ́ kí òjò pa wọ́n."

Àyànfẹ́ kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kẹ́ ẹ má baà gbá a mú lọ́rùn. Ọmọ tó ń bá mi pọnmi ni, kì í sì í kọjá lára mi láìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù, ebi kan sì ti ń pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù.

Stella, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló dá ebi náà sílẹ̀. Stella ní MP3. Ẹ̀rọ náà kò ju àtàǹpàkò àgbà méjì lọ, ó ń tàn yinrin, orin sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bí wọ́n bá ti lu agogo ìsinmi nílé ìwé, àwọn ọmọbìnrin á pé lé Stella lórí, òun náà á máa fi etí kan íápíìsì ta wọ́n lọ́rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kan Àyànfẹ́, wọ́n á ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí orin tó dé ibi tó dùn. Ó máa ń dùn ún dọ́kàn.

Ṣé ẹ wá rí i, Stella yìí kan náà ló bá pàdé ní ibùdókọ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Àyànfẹ́ fẹ́ lọ rà, ó yọ íápíìsì létí.

"Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Láyé ìsinsìnyí? Àwọn bàbá tó ń gbọ́ ìròyìn lábẹ́ igi ló ń lo ìyẹn. Ra MP3, jàre."

"Kásẹ́ẹ̀tì ni ohùn Màmá wà."

"Wọ́n ń kó o sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì kó o sínú MP3. Ẹ̀gbọ́n Sàhéèdì ń ṣe é ní Ìbàfò. Àbúrò rẹ á gbọ́ tiẹ̀ lálẹ́, ìwọ á gbọ́ tìẹ lójúmọ́. Ta ni ìyà jẹ níbẹ̀?"

Àyànfẹ́ wá ẹni tí ìyà jẹ níbẹ̀, kò rí i. Ó kúkú ti ń fi ojú inú rí ara rẹ̀ nílé ìwé, tí òun náà ń fi etí kan tọrẹ.

Bí wọ́n ṣe jọ wọkọ̀ lọ sí Ìbàfò nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù Sàhéèdì kò jìnnà sí títì. Ó ń ta rédíò, fáànù, tọ́ọ̀ṣì àti gbogbo ohun tó ń lo bátìrì. Ó ní kọ̀ǹpútà kan lẹ́yìn káńtà tó fi ń kó orin fún èèyàn. Ọlọ́yàyà ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ìyàwó mi. Kí la fẹ́ gbé?"

"Ẹ̀rọ orin fún yàrá ọmọdé ni, sà," Àyànfẹ́ ní.

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́fà."

Sàhéèdì ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó nawọ́ sókè, ó gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì pupa kan sọ̀kalẹ̀, tó ní ọwọ́ tí ọmọ lè fi gbé e. Bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, wọ́n sì le dáadáa. "Èyí lọmọ yẹn fẹ́. Bó bá tẹ èyí, á kọrin. Bó bá tẹ èyí, á dákẹ́. Iná lọ, iná dé, bátìrì wà nínú rẹ̀. Bó bá já bọ́, á fò dìde."

Ó dára lójú Àyànfẹ́, ká má purọ́. Ó tilẹ̀ ti nawọ́ sí i. Stella fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bá yí ojú sí inú gíláàsì káńtà, níbi tí àwọn MP3 ti tò kalẹ̀, tí wọ́n ń tàn.

"Ẹ̀gbọ́n, MP3 yẹn ńkọ́?"

"Fún ọmọ ọdún mẹ́fà?" Sàhéèdì gbójú sókè. "Bọ́tìnnì rẹ̀ ò ju ìrẹsì lọ. Ṣé ó máa lè tẹ̀ ẹ́?"

"Àbúrò mi fẹ́ràn nǹkan ìgbàlódé, sà," Àyànfẹ́ dáhùn. Irọ́ funfun báláú! Ohun ìgbàlódé tí Dárasími fẹ́ràn jù lọ láyé ni dòdò.

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín." Ó gba kásẹ́ẹ̀tì, ó so rédíò kan mọ́ kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Nígbà tó ṣe, ó gbé orí sókè. "Ta ló gba ohùn yìí sílẹ̀? Ibi tó ṣófo ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Màmá á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dákẹ́. Á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á dákẹ́. Ó ń jẹ ààyè. Ṣé kí n fi sílẹ̀, àbí kí n gé e kúrò?"

"Bẹ́ ẹ bá gé e, ṣé ààyè á pọ̀ fún orin mìíràn?" Stella bèèrè kíá.

"Á pọ̀ dáadáa."

Sàhéèdì ń wo Àyànfẹ́, Stella náà ń wò ó. Ohùn Màmá ń jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ látinú kọ̀ǹpútà pé, "Kí lo jẹ?" Ó sì dákẹ́, ó ń dúró. Àyànfẹ́ mọ ẹni tó ń dúró dè. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ẹ gé e," ó ní.

Sàhéèdì gé e. Ó wá kó orin tí Stella ń dárúkọ dí ààyè náà. Nígbà tó parí, ó na kásẹ́ẹ̀tì sí Àyànfẹ́, ṣùgbọ́n Àyànfẹ́ ti fi íápíìsì há etí, ó ń mi orí. Ó juwọ́ pé kó máa mú un. Sàhéèdì sì jù ú sínú páálí kan tí àwọn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kún inú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé pé sí yàrá yẹ́lò. Èmi náà pé síbẹ̀ ní tèmi, lójú fèrèsé. Bàbá gbé ẹ̀rọ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Gbogbo rẹ̀ rèé? Ibo ni kásẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé?"

"Kì í lo kásẹ́ẹ̀tì, sà. Wọ́n ti kó ohùn Màmá sínú rẹ̀."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Àyànfẹ́ fi íápíìsì bọ àbúrò rẹ̀ létí, ó bá a tẹ bọ́tìnnì. Dárasími ti kúnlẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ kan. Àwa tó kù ò gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ. Tọmọ náà nìkan la gbọ́.

"Mà! Ẹ káa... Mo ti jẹ... Ẹ̀bà ni m... Ẹran kan ló... Ààl..."

Ọmọ fẹ́ dìde, ó tún kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tán, ó tún la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. A ò rẹ́rìn-ín pẹ́. Dárasími rọra yọ íápíìsì náà.

"Àǹtí, Màmá ń bínú sí mi."

"Wọn ò bínú, Dárasími."

"Wọ́n ń bínú. Wọn ò dúró gbọ́ ohun tí mo jẹ. Wọ́n kàn ń kí mi, wọ́n ń lọ. Ṣé nítorí pé mi ò bá wọn lọ sí Ìkirè ni?"

Ó bú sẹ́kún. Ẹkún náà kì í ṣe ti àkẹ́bàjẹ́, ẹkún ẹni tí èèyàn rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ ni. Bàbá fi íápíìsì kan sétí, ìyá fi èkejì sétí tirẹ̀. Wọ́n wo ara wọn.

"Àyànfẹ́," bàbá pè é, "ibo ni ibi tí ìyá mi ti ń dákẹ́ wà?"

"Wọ́n gé e, sà. Ó ṣófo ni."

"Ta ló ní kí wọ́n gé e?"

Ó lè ti ọ̀rọ̀ náà sí Sàhéèdì lọ́rùn. Ó lè ní Stella ni. Ó wo àbúrò rẹ̀ tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, irọ́ náà kọ̀, kò jáde.

"Èmi ni, sà. Mo fẹ́ kí ààyè wà fún orin tèmi."

"Háà! Àyànfẹ́!" Ìyá rẹ̀ ká ọwọ́ lérí. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o! Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, mà."

"O fi ìyá mi sílẹ̀ sí Ìbàfò?" bàbá bú jáde. Ká má tàn yín, ẹ̀rín fẹ́ pa mí lójú fèrèsé, mo fi aṣọ bo ẹnu mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú bàbá le. "Mi ò ní lù ọ́. Ìwọ lo yan èyí, ìwọ náà lo máa tún un yàn. Bá a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́la, wá ìyá mi wálé."

Dárasími ò wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àárín bàbá àti ìyá rẹ̀ ló sùn. Àyànfẹ́ nìkan ló ni gbogbo ibùsùn, kò sí ẹni tó tàpá sí i. Ó fi MP3 sétí, orin sì ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun ò rántí ìkankan nínú àwọn orin náà.

Lọ́jọ́ kejì, Àyànfẹ́ kúnlẹ̀ níwájú káńtà Sàhéèdì, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìfi ohun kan pamọ́. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ nàka sí ohun tó kọ sára ògiri pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ bí Dárasími ṣe ń kúnlẹ̀ tó ń dìde, ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyẹn ni pé màmá àgbà ń dúró gba èsì, èmi wá gé wọn lẹ́nu? Áà, Ọlọ́hun má bínú!" Ó gba MP3 náà. "Rédíò pupa àná ti lọ o. Wọ́n rà á láàárọ̀ yìí. Tòkunbọ̀ yìí ló kù tí mo lè fi ṣe pààrọ̀ fún ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti kán, rọ́bà ni wọ́n fi de ìdérí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́."

Àyànfẹ́ gba èyí tó rí. Pupa tó dára ti kọjá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tì í sẹ́yìn.

Ó wá ku kásẹ́ẹ̀tì. Sàhéèdì gbé páálí sílẹ̀. Yéè! Kásẹ́ẹ̀tì kún un dé ẹnu, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ò sì ní orúkọ lára. Àfi kí wọ́n máa gbé wọn sínú tòkunbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n máa gbọ́ ọ. Wọ́n gbé ọ̀kan sí i, oníwàásù kan bú ramúramù. Wọ́n gbé òmíràn sí i, àwọn ọmọ kéú ń ké. Wọ́n gbé òmíràn sí i, ẹnì kan ń han oorun, ó ń han kíkankíkan, Sàhéèdì ní òun ò mọ ẹni tó ń gba oorun sílẹ̀. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ìyá kan tó wá ra bátìrì ní òun ò lọ mọ́, òun fẹ́ rí ìparí rẹ̀.

Ìgbà tó ṣe, wọ́n gbé ọ̀kan sí i, ó ṣe ṣàà, ó wá dákẹ́. Ni ohùn arúgbó kan bá jáde gbangba.

"Àṣàbí o!"

Àyànfẹ́ dúró gbagidi. Dárasími kọ́ ló ń jẹ́ Àṣàbí. Oríkì Àyànfẹ́ fúnra rẹ̀ ni, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó máa ń fi pè é ju Màmá Ìkirè lọ. Ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n kọ sókè. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò rí nílé, nítorí Dárasími kì í pẹ́ sùn.

Rédíò dákẹ́. Gbogbo èèyàn ń wo Àyànfẹ́.

"Dá wọn lóhùn," ìyá oníbátìrì ní.

Àyànfẹ́ kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù náà. "Mà!"

"Hẹn-ẹn. Mo mọ̀ pé wàá yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan. O ti dàgbà, mi ò ní pààlọ́ fún ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà?" Ó dákẹ́.

"Àlàáfíà ni, mà."

"A dúpẹ́. Ṣé ò ń ka ìwé rẹ?" Ó dákẹ́.

"Mò ń kà á, mà."

"Àbúrò rẹ ńkọ́? O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í tètè parí. Ṣé ò ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán?"

Màmá sì dákẹ́. Ó dákẹ́, ó ń dúró. Ariwo ọkọ̀ ń lọ lójú títì, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, gbogbo èrò ti tẹ́tí sí Àyànfẹ́. Àyànfẹ́ la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Omi ń dà lójú rẹ̀ ṣòròṣòrò. Ààyè tó ní kí wọ́n gé dànù lánàá, òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ sínú rẹ̀ yìí.

"Hùn," Màmá ní nígbà tó ṣe. "Mo gbọ́."

Ẹ̀rín ta! Sàhéèdì fi ọwọ́ lu káńtà, ìyá oníbátìrì di ògiri mú kó má baà ṣubú. Àyànfẹ́ náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá ò tíì parí.

"Má sunkún. Ìwọ ni mo ṣà bí, ni mo ṣe ń pè ọ́ ní Àṣàbí. Máa ṣe sùúrù fún un. Bó bá jẹ tiẹ̀ tán, kó máa wá gbọ́ tìẹ. Ó dàárọ̀, ọmọ mi." Ó tún dákẹ́.

"Ó dàárọ̀, mà," Àyànfẹ́ dáhùn. Ọ̀sán gangan ni o. Gbogbo èrò ṣọ́ọ̀bù náà sì bá a sọ pé, "Ó dàárọ̀, mà!"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Dárasími fi ìka ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì tòkunbọ̀ náà, ó dún kakà. "Àjíkẹ́ o!" "Mà! Ẹ káalẹ́ mà!" Ó dúró, Màmá dúró. Ó ka gbogbo ẹran inú ọbẹ̀, ó fi ti pọ̀ǹmọ́ kún un. Màmá ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Ọmọ náà yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Àǹtí, wọn ò bínú mọ́! Ṣé ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n ni?"

"Mo bẹ̀ wọ́n," Àyànfẹ́ ní.

Ìtàn ò dé ìdajì tí oorun fi gbé e lọ, nínú yàrá tirẹ̀, lórí ibùsùn tirẹ̀. Ó kúkú ń tàpá, ṣùgbọ́n ògiri ló ń gbá.

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yan nǹkan fún ẹlòmíràn, ojú onítọ̀hún ni kẹ́ ẹ fi yàn án, ẹ má fi ojú tiyín yàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa sọ pé ààyè tí èèyàn fi sílẹ̀ kí ẹnì kejì rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ ṣófo. Kò ṣófo. Ẹnì kan ló ni ín.

Ilé mi ti ní gíláàsì lójú fèrèsé báyìí, tiwọn náà ti ní in. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá ṣí tèmi sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ kakà bọ́tìnnì náà lẹ́yìn tí àbúrò bá ti sùn. Wọ́n á yí kásẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìn. Màmá Ìkirè á bèèrè ìbéèrè rẹ̀, á sì dúró. Ohùn Àyànfẹ́ á sì jáde wẹ́rẹ́.

"Mò ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, mà."

"Hùn," Màmá á ní. "Mo gbọ́."